Ẹ gbà mí o: ṣé òótọ́ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrú ló fa ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà?

Àkàndé_Houston
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì.

Ọkùnrin òyìnbó kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Èèyàn dáadáa ni, a sì jọ máa ń jẹun ọ̀sán. Mississippi ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Bá a ṣe ń jẹun lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ dórí ère ọ̀gágun kan tí wọ́n wó lulẹ̀ nílùú wọn, ló bá ní gbogbo ayé ń parọ́ mọ́ àwọn baba ńlá òun. Ó ní ogun tí Gúúsù àti Àríwá bá ara wọn jà láti 1861 sí 1865 kì í ṣe tìtorí ẹrú rárá, pé owó orí ọjà àti "ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀" ló fà á. Ìjọba àpapọ̀ ló ń tẹrí àwọn ìpínlẹ̀ ba, ni wọ́n bá bínú jáde. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Èmi kàn ń jẹ ìrẹsì mi ni, mi ò rí èsì kankan fọ̀. Ogun Kírìjì ni wọ́n kọ́ wa ní iléèwé ní Òṣogbo, wọn ò kọ́ wa ní tibí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀tàn, kí ni kí n wí fún un?

Ṣèyí_Ọjà_Ọba
Sọ fún un pé kó san owó ìrẹsì ẹ. Mo ti jókòó tì yín o, ẹ̀yin àgbà, ẹ máa bọ̀.

Lọ́yà_Ìkẹjà
Ẹ má dá ọkùnrin náà lẹ́bi tán. Ọ̀rọ̀ owó orí ọjà kì í ṣe irọ́. Ní 1832, South Carolina kéde pé owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí ọjà tó ń ti òkè òkun wọlé kò ní múlẹ̀ lórí ilẹ̀ tiwọn. Ààrẹ Andrew Jackson halẹ̀ pé òun máa kó sọ́jà wá bá wọn, kí wọ́n tó pẹ̀tù sí i ní 1833. Ìjà láàárín ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwa tá a sì ń pariwo pé Àbújá ń kó gbogbo owó lọ, ó yẹ kó yé wa. Ohun tí mò ń wí ni pé ká gbọ́ ẹnu ìhà méjèèjì ká tó dájọ́.

Tísà_Fẹ̀yìntì
Àkàndé ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Lọ́yà, mo gbọ́ tìẹ náà, mà á padà sí i. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi.

Nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà ní Philadelphia ní 1787, wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà "ẹrú" fara hàn nínú rẹ̀. Ojú ń tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹrú wà nínú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní bí a bá ń ka orí láti mọ iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ kan máa ní, ẹrú márùn-ún á dúró fún èèyàn mẹ́ta. Ẹ wò ó: ẹni tí kò lè dìbò, tí wọ́n lè tà lọ́jà lọ́la, òun ni olówó rẹ̀ fi ń bu agbára kún agbára ní Ilé Aṣojú-ṣòfin àti nínú ìbò ààrẹ. Wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè kó tó di 1808, àti pé ẹrú tó bá sá wọ ìpínlẹ̀ mìíràn, dídá padà ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé àṣà náà á máa kú lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ló da ìrònú yẹn rú. Ní 1793, Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ kóró lára òwú. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá àgbà rí níbi tí wọ́n ti ń yọ kóró òwú á mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á gbé òwú lé orí pákó, wọ́n á máa fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i lọ yí i bọ̀ títí kóró á fi bọ́ jáde. Ẹ̀yìn á ti máa ro èèyàn tí òwú inú igbá ò tíì tó nǹkan. Ẹ̀rọ wá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lóòjọ́ kan. Òwú di owó gidi, olóko ń wá ilẹ̀ sí i, ó ń wá ẹrú sí i. Àwọn ẹrú tí kò ju nǹkan bí 700,000 lọ ní 1790 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù mẹ́rin ní 1860. Ní South Carolina àti Mississippi, ẹrú pọ̀ ju òyìnbó lọ.

Èèyàn Àríwá sì ń pọ̀ ju ti Gúúsù lọ, tó fi jẹ́ pé Gúúsù di kékeré ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ibi tó kù fún wọn láti dì mú ni Ilé Aṣòfin Àgbà, níbi tí ìpínlẹ̀ kékeré àti ńlá ti ń ní èèyàn méjì méjì. Ní 1819, ìpínlẹ̀ 11 ní ẹrú, 11 ò ní. Missouri wá ní òun fẹ́ wọlé, tòun tẹrú òun. Ilé gbiná. Ní 1820 wọ́n ṣe àdéhùn pé kí Missouri wọlé pẹ̀lú ẹrú, kí Maine wọlé láìsí ẹrú. Nínú ilẹ̀ gbalasa tó kù tí wọ́n rà lọ́wọ́ Faransé, wọ́n fa ìlà kan lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ní ìwọ̀n 36°30'. Lókè ìlà, kò sẹ́rú. Nísàlẹ̀ ìlà, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Thomas Jefferson, tí òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú nílé, kọ lẹ́tà lọ́dún yẹn pé ọ̀rọ̀ náà ta òun jí bí agogo iná lóru.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹ máa fojú sí ìlà yẹn. Ọdún 34 ló fi wà níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Iléṣà
Tísà, ẹ ṣé sà. Ọ̀pá irin yẹn! Ti ìyá ìyá mi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Iléṣà, èmi rò pé wọ́n fi ń lé olè ni.

Ìbéèrè mi rèé. Àwọn ará Àríwá tó ń fa wàhálà yìí, ṣé wọ́n fẹ́ràn èèyàn dúdú ni? Torí mo gbé Chicago fún ọdún mẹ́rin, mi ò rí ìfẹ́ náà.

Tísà_Fẹ̀yìntì
Ìyá Ìbejì, ibẹ̀ gan-an lẹ ti mú un. Rárá o. Indiana kọ ọ́ sínú ìwé òfin rẹ̀ ní 1851 pé èèyàn dúdú ò gbọdọ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀. Illinois, níbi tẹ́ ẹ gbé, ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1853. Àwọn tó ń fẹ́ kí ẹrú dòmìnira lọ́jọ́ kan náà, bíi William Lloyd Garrison àti Frederick Douglass tí òun fúnra rẹ̀ sá kúrò lóko ẹrú, kékeré ni wọ́n, wọ́n sì máa ń jẹ òkúta ní Àríwá níbẹ̀.

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Àríwá ń jà sí. Nígbà tí Amẹ́ríkà bá Mẹ́síkò jagun ní 1846, David Wilmot, aṣojú láti Pennsylvania, ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá gbà níbẹ̀, ẹrú kankan ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ pé àánú ẹrú kọ́ ló ń ṣe òun, kí òyìnbó tálákà lè rí ilẹ̀ ro láìsí ẹni tí wọn ò sanwó fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ilé Aṣojú-ṣòfin gbà á, Ilé Aṣòfin Àgbà dà á nù. Ohun tó bani lẹ́rù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe dìbò. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará Àríwá lápá kan, àwọn ará Gúúsù lápá kejì, láìwo ẹgbẹ́.

Wọ́n tiẹ̀ ti gbìyànjú kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Láti 1836 títí di 1844, òfin kan wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin pé ìwé ẹ̀bẹ̀ tó bá ti dá lórí ẹrú, ẹnikẹ́ni ò ní kà á. John Quincy Adams, tó ti ṣe ààrẹ rí kó tó padà wá ṣe aṣojú, ló ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ náà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń pariwo lé e lórí, títí wọ́n fi fagi lé òfin ọ̀hún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Boston
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà fi tèmi kún un, torí ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lójú títì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1850 wọ́n tún ṣe àdéhùn ńlá mìíràn. California wọlé láìsí ẹrú, ìyẹn sì ba ìdọ́gba 15 sí 15 jẹ́. Kí inú Gúúsù lè rọ̀, wọ́n fún wọn ní òfin tuntun lórí ẹrú tó bá sá. Òfin náà kò jẹ́ kí ẹni tí wọ́n mú sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ ará ìlú tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹrú pa mọ́ á san 1,000 dọ́là, á sì lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ìbànújẹ́: dọ́là 10 ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà tó bá dá èèyàn padà sóko ẹrú. Tó bá tú u sílẹ̀, dọ́là 5. Wọ́n ní torí pé ìwé tó máa kọ pọ̀ jù ni.

Ní oṣù May 1854 wọ́n mú Anthony Burns ní Boston níbí. Virginia ló ti sá wá, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Àwọn èèyàn, dúdú àti funfun, fi òpó igi fọ́ ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ láti gbà á, wọ́n pa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, síbẹ̀ wọn ò rí i gbà. Ní 2 June, wọ́n mú un rìn lọ sí etíkun láàárín ọ̀wọ́ sọ́jà tó gbé idà àti ìbọn, èrò bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn onílé ta aṣọ dúdú sí ojú fèrèsé bí ẹni pé ọba wàjà. Ní State Street, wọ́n so pósí kan kọ́ sókè tí wọ́n kọ "Òmìnira" sí lára. Gbogbo ìnáwó yẹn tó nǹkan bí 40,000 dọ́là, tìtorí ọkùnrin kan. Kò tó ọdún kan tí àwọn ará Boston fi dáwó jọ, tí wọ́n sì rà á padà ní 1,300.

Àwọn olówó ìlú yìí tó ń fi òwú Gúúsù ṣòwò, tí wọ́n ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ò kan àwọn, ọjọ́ yẹn ló kàn wọ́n.

Lọ́yà_Ìkẹjà
Nọ́ọ̀sì, o ti ba ẹjọ́ mi jẹ́. Mo ti lọ ka òfin 1850 náà láti àná, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: níbí, ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ yí padà sọ́wọ́ kejì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Wisconsin sọ ní 1854 pé òfin náà tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ó bọ́ sásìkò tí èrò ya wọ ẹ̀wọ̀n ní Milwaukee, tí wọ́n tú ẹrú tó sá kan, Joshua Glover, sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló ń lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ yẹn, àbí? Gúúsù ló ké sí ìjọba àpapọ̀ pé kó tẹ̀ wọ́n ba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Washington sì tẹ̀ wọ́n ba ní 1859.

Ẹjọ́ ẹrú kan tó ń jẹ́ Dred Scott tún burú jù ú lọ. Olówó rẹ̀, tó jẹ́ dókítà àwọn sọ́jà, mú un gbé Illinois àti ilẹ̀ Wisconsin níbi tí kò sẹ́rú. Ó pẹjọ́ pé òun ti dòmìnira. Ní 6 March 1857, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìgbà tí James Buchanan búra wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, Adájọ́ Àgbà Roger Taney kà á jáde pé èèyàn dúdú ò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pé àwọn tó kọ ìwé òfin kà wọ́n sí ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan tí òyìnbó gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún. Ó tún sọ pé ilé aṣòfin ò láṣẹ láti lé ẹrú kúrò nínú ilẹ̀ tuntun rárá. Ìyẹn ni pé ìlà Tísà ò tiẹ̀ bófin mu látìgbà tí wọ́n ti fà á. Adájọ́ méje gbà, méjì kọ̀. Mo ti ka ìdájọ́ burúkú rí, ṣùgbọ́n èyí tí adájọ́ fi rò pé òun ń parí ìjà, tó wá da epo sí i, òun nìyí.

Ìdílé tó ni Scott nígbà kan ló padà tú u sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ó kú ní 1858, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á.

Ṣèyí_Ọjà_Ọba
Tísà, ẹ ní ọdún 34 ni ìlà yẹn fi wà níbẹ̀. Ta ló wá pa á rẹ́?

Tísà_Fẹ̀yìntì
Stephen Douglas, aṣòfin àgbà láti Illinois. Èèyàn kúkúrú, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ kí ọ̀nà rélùwéè gba ìwọ̀ oòrùn kọjá, ó sì nílò ìbò Gúúsù. Ní 1854 ó gbé òfin Kansas àti Nebraska wá: kí wọ́n gbé ìlà 1820 tì, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fúnra wọn dìbò bóyá wọ́n fẹ́ ẹrú. Ó dùn ún gbọ́ létí, àbí? Ẹgbẹ́ òṣèlú Whig fọ́ yángá nítorí ẹ̀, àwọn tó bínú sì dá ẹgbẹ́ Republican sílẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ní Kansas, wọ́n ka orí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1855, wọ́n rí èèyàn 2,905 tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Nígbà tí ìbò dé ní 30 March, ìwé ìbò tí wọ́n kà jẹ́ 6,307. Àwọn ará Missouri ló gun ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, wọ́n dìbò tán, wọ́n sì padà sílé.

Ṣèyí_Ọjà_Ọba
Háà! 6,307! Ká má tan ara wa, ojú wa ò ṣàjèjì sí irú ẹ. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹrú ló bí èrú ìbò?

Ìyá_Ìbejì_Iléṣà
Ṣèyí, Ọlọ́run á dárí jì ẹ́.

Tísà_Fẹ̀yìntì
Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èrú náà pa èèyàn. Kansas ní ìjọba méjì tó ń pe ara wọn ní ayédèrú. Ẹ wá wo ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù May 1856. Ní ọjọ́ 21, àwọn alátìlẹyìn ẹrú ya wọ ìlú Lawrence, wọ́n ba ilé ìtẹ̀wé jẹ́, wọ́n jó òtẹ́ẹ̀lì.

Lọ́jọ́ kejì, ní Washington, Charles Sumner láti Massachusetts jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ nínú Ilé Aṣòfin Àgbà, ó ń kọ nǹkan. Ó ti sọ̀rọ̀ kan lórí Kansas tí ó fi bú aṣòfin South Carolina kan, Andrew Butler, tí kò sí níbẹ̀. Ìbátan Butler, Preston Brooks, wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ olórí góòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu Sumner lórí. Tábìlì náà, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ ni. Sumner ò rí ara rẹ̀ fà jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó fi agbára dìde títí ó fi fa tábìlì tu nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, Brooks sì ń lù ú lọ títí ọ̀pá fi kán. Ọdún bíi mẹ́ta ni Sumner ò fi lè padà sẹ́nu iṣẹ́ dáadáa. Massachusetts fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. 300 dọ́là ni owó ìtanràn Brooks. Ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ tún dìbò dá a padà, wọ́n sì ń fi ọ̀pá tuntun ránṣẹ́ sí i láti ibi gbogbo ní Gúúsù.

Lóru ọjọ́ 24, John Brown, òyìnbó kan tó ta ko níní ẹrú, àtàwọn ọmọ rẹ̀ wọ́ ọkùnrin márùn-ún jáde nílé wọn lẹ́bàá odò Pottawatomie ní Kansas, wọ́n fi idà ṣá wọn pa.

Èmi kì í kọ́ kíláàsì mi ní ọ̀sẹ̀ yẹn láìsọ ti irun. Ní February 1858, nǹkan bí aago méjì òru, àwọn aṣojú ń bá ara wọn jà nínú ilé lórí Kansas kan náà, ẹ̀ṣẹ́ ń fò. Ẹnì kan gba orí William Barksdale ti Mississippi mú, irun náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Àṣé wíìgì ni! Barksdale sáré gbé e dé, ó gbé e dé sódì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìjà parí. Barksdale yẹn kan náà kú sójú ogun ní Gettysburg ní 1863.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́
Mo ti ń kà látẹ̀yìn. Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ìjà yìí ló bí ìjọ wa? Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ya kí orílẹ̀-èdè tó ya. Methodist ya sí méjì ní 1844 tìtorí bíṣọ́ọ̀bù kan tó ní ẹrú. Onítẹ̀bọmi ya ní 1845: àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ míṣọ́n ní Àríwá kọ̀ láti yan olówó ẹrú, ni àwọn ará Gúúsù bá pàdé ní Augusta, Georgia, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Ìjọ tuntun yẹn ló rán Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia, wá sílẹ̀ Yorùbá. Ó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ wa ní 1855. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sàmì fún mi, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Mo béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ wa lọ́jọ́ kan, ó ní ká jẹ́ ká gbàdúrà.

Nígbà tí ogun wọn bẹ́, owó àwọn míṣọ́nárì dá, bẹ́ẹ̀ Ogun Ìjàyè ń lọ níbí lákòókò kan náà. James Churchwill Vaughan wà lára àwọn tó fojú rí ti Ìjàyè. South Carolina ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, ó sì fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ kí ogun tó bẹ́. Èkó ló ti padà di èèyàn ńlá. Lady Kofo Ademola wà lára àtọmọdọ́mọ rẹ̀.

Ṣèyí_Ọjà_Ọba
Ẹ padà sí John Brown o. Akọni lèyí lójú tèmi.

Ìyá_Ìbejì_Iléṣà
Akọni tó wọ́ ọkọ ọlọ́kọ jáde lóru níwájú ìyàwó? Èmi ò gbà. Mo lọ ka ti Harpers Ferry náà. Ní October 1859, òun àti ọkùnrin 21, márùn-ún nínú wọn jẹ́ dúdú, gba ilé ìbọn ìjọba ní Virginia, pé káwọn ẹrú dìde. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pa, Heyward Shepherd, ọkùnrin dúdú tó ti dòmìnira ni, ó ń báni gbẹ́rù ní rélùwéè.

Lọ́yà_Ìkẹjà
Akọni tàbí apànìyàn, ohun tó ṣe lára àwọn olówó ẹrú ni ká wò. Wọ́n so ó kọ́ ní 2 December 1859. Àwọn kan ní Àríwá lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún un. Gúúsù gbọ́ agogo yẹn. Látọjọ́ náà, gbogbo ará Àríwá di John Brown lójú wọn, títí kan Abraham Lincoln, olóṣèlú ẹgbẹ́ Republican, tó sọ gbangba pé òun ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Tísà_Fẹ̀yìntì
Lọ́yà sọ ọ́ ire. Ẹ jẹ́ n sáré parí tèmi.

Ní April 1860, ẹgbẹ́ Democrat pàdé ní Charleston. Àwọn ará Gúúsù ní ó di dandan kí ìjọba àpapọ̀ máa fi òfin dáàbò bo ẹrú nínú gbogbo ilẹ̀ tuntun, yálà àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Àwọn èèyàn Douglas kọ̀. Gúúsù dìde jáde, ẹgbẹ́ fọ́ sí méjì. Àkàndé, bi ọ̀rẹ́ rẹ pé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ wo ló wà nínú ìyẹn.

Èèyàn mẹ́rin ló dupò ní November. Lincoln ò rí tó 40 nínú 100 ìbò ará ìlú. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ní Gúúsù, wọn ò tiẹ̀ pín ìwé ìbò tó ní orúkọ rẹ̀ nínú. Síbẹ̀ ó rí 180 nínú 303 ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ, torí Àríwá nìkan ti tó gbé e wọlé. Ohun tó já Gúúsù láyà nìyẹn ju ẹni tó wọlé lọ. Ní 20 December, South Carolina dìbò jáde kúrò nínú orílẹ̀-èdè, 169 sí òdo. Nígbà tó fi di 1 February, ìpínlẹ̀ méje ti lọ. Lincoln sì ti sọ fún wọn, ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ tó búra, pé òun ò ní fọwọ́ kan ẹrú níbi tó ti wà. Kó má tàn dé ilẹ̀ tuntun lòun ń wí.

Lọ́yà, owó orí ọjà tí mo ní mà á padà sí: òfin tó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde, ti 1857 ni, owó náà sì wálẹ̀ ju bó ṣe wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Àwọn ará Gúúsù wà lára àwọn tó dìbò fún un. Ẹ ka ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. South Carolina ń ráhùn pé àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ò dá ẹrú padà, pé New York ò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹnì kan mú ẹrú rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Gbólóhùn kejì nínú ìwé Mississippi: "Ìdúró wa kò ṣeé yà kúrò lára ètò ẹrú, dúkìá tó tóbi jù lọ láyé." Ní Savannah, 21 March 1861, Alexander Stephens, igbákejì ààrẹ wọn, sọ pé òkúta igun ilé ìjọba tuntun wọn ni pé èèyàn dúdú àti òyìnbó ò dọ́gba, pé ipò ẹrú ni ti dúdú.

Ní 12 April, àwọn ará Gúúsù yìnbọn lu Fort Sumter, odi sọ́jà ìjọba àpapọ̀ ní Charleston. Lincoln pe sọ́jà 75,000. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin sí i jáde, wọ́n di 11.

Lọ́yà_Ìkẹjà
Mo gbà. Ẹyọ kan ló kù tí mi ò ní fi sílẹ̀: Maryland, Kentucky, Missouri àti Delaware ní ẹrú, wọ́n sì dúró ti Lincoln. Ẹ má jẹ́ kí Àkàndé lọ sọ fún ọkùnrin yẹn pé Àríwá gbé ìbọn láti tú ẹrú sílẹ̀ ní 1861.

Tísà_Fẹ̀yìntì
Òótọ́ ni. Gúúsù jáde tìtorí ẹrú. Àríwá kọ́kọ́ jà kí orílẹ̀-èdè má pín. Ẹ̀yìn ìgbà tí òkú ti sùn lọ ni ìjà yí padà di ti òmìnira.

Ẹ̀gbọ́n_Alabama
Mobile ni mò ń gbé. Kí ẹ tó ti ọ̀rọ̀ yìí pa, ẹ wo déètì yìí: July 1860. Oṣù mẹ́rin péré ṣáájú ìbò Lincoln, ọdún 52 lẹ́yìn tí wọ́n ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé. Timothy Meaher, olówó ọkọ̀ ojú omi níbí, ti bá àwọn kan ta tẹ́tẹ́ pé òun lè kó ẹrú wọlé lójú ìjọba. Ó rán ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah, ó sì kó èèyàn 110 dé. Wọ́n jó ọkọ̀ náà kí àṣírí má bàa tú. Wọn ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó, Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé Yorùbá ni, láti apá tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àwọn ọmọ ogun Dáhòmì ló kógun ja ìlú wọn. Ó di 1935 kó tó kú.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ò sí. Wọ́n ní kí Meaher fún wọn ní ilẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ń tọ́jú kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ títí wọ́n fi ra ilẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Africatown. Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ní 2019 ni wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé igi ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò, ti Clotilda ni.

Àkàndé_Houston
Mo padà dé o, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lọ́yà, mo gbọ́ ìkìlọ̀ yín, mi ò sọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́sàn-án òní, mi ò jà, mi ò pariwo. Mo kàn ṣí ìwé Mississippi yẹn lórí fóònù mi, mo nà án sí i, mo ní ìpínlẹ̀ ìyá ẹ ló kọ ọ́. Ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́, ó mi orí. Ó ka ìkejì. Ó dákẹ́. Mo rí i tó fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù padà sókè, ó tún ìkejì kà. Ó dá fóònù padà, ó ní wọn ò fi èyí han àwọn rí ní iléèwé. Ó ní òun máa pe ìyá òun.

Ṣèyí_Ọjà_Ọba
Ìrẹsì ńkọ́? Ṣé ó san án?

Àkàndé_Houston
Ó tún jẹ nínú tòní ni.